Ẹkún Ojúọlá ní Arúbìdì

Ọmọ tuntun jòjòló ni, àkọ́bí ọba. Bàbá àti ìyá rẹ̀ gbé e wá síwájú ojúbọ Ògún kí wọ́n lè mọ ohun tó bá wáyé. Babaláwo tí wọ́n ránṣẹ́ pè fọ́jú, ọmọdékùnrin kan ló ń fà á lọ́wọ́ wọlé. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé ọmọ yìí yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi owó ẹyọ tí wọ́n sín sókùn so ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì pọ̀, wọ́n gbé e lé Gbọ̀nká, ìránṣẹ́ ọba, lọ́wọ́ pé kó gbé e wọgbó. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún.

Bí eré The Gods Are Not to Blame ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí Ọlá Rótìmí kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1968 ní Orí Olókun, Arúbìdì, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Ẹ má rò pé gbọ̀ngàn aláràbarà kan ni o. Àgbàlá ni, àwọn òṣèré wà láàárín, èrò yí wọn ká bí ẹni pé àlọ́ ni wọ́n wá gbọ́.

Ìtàn tí wọ́n ń wò kì í ṣe ìtàn ilé wa. Sophocles, ará Gíríìsì, ló kọ ọ́ ní ohun tó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn, Oedipus sì lorúkọ ọba inú rẹ̀. Rótìmí ló sọ Oedipus di Ọdẹ́wálé, tó sọ ìyá rẹ̀ di Ojúọlá, tó sì kó gbogbo wọn wá sí ìlú kan tó pè ní Kútújẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi àgbà èyíkéyìí ní àdúgbò Ìlódè ní Ifẹ̀ pé ìyá wo ló yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ nítorí ìlú, kò ní dárúkọ Ojúọlá fún yín. Mọremí ni yóò dárúkọ.

Ìyá méjì

Kò sí ọmọ Ifẹ̀ tí kò gbọ́ ìtàn náà kó tó gbọ́n. Àwọn ará Ùgbò ń wọ̀lú, wọ́n fi ìkó bora, àwọn ará Ifẹ̀ rò pé ẹbọra ni wọ́n, wọ́n ń sá. Mọremí lọ síbi odò Ẹ̀sìnmìnrìn, ó jẹ́jẹ̀ẹ́, ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó di ìyàwó ọba wọn, ó gbọ́ àṣírí wọn, ó sá padà wálé. Nígbà tí àwọn ọ̀tá tún dé, ògùṣọ̀ ni Ifẹ̀ fi pàdé wọn. Ifẹ̀ bọ́. Mọremí padà lọ san ẹ̀jẹ́, odò ò gba ewúrẹ́, kò gba màlúù. Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ni odò ń bèèrè.

Ibi tó yẹ ká tẹsẹ̀ dúró sí nínú ìtàn yìí ni ohun tó tẹ̀ lé e. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé nígbà tí Mọremí ń sunkún ọmọ rẹ̀, gbogbo Ifẹ̀ ló bá a sun ún, wọ́n sì ṣèlérí fún un pé àwọn ni yóò máa jẹ́ ọmọ rẹ̀ títí ayé. Ìlú gba ẹkún náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Títí di òní, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Ẹdì ní Ifẹ̀ ní ìrántí rẹ̀.

Ojúọlá ò rí irú èyí. Ọkọ rẹ̀ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ní kó gba kámú. Lẹ́yìn náà, ààfin bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó tún bímọ mìíràn, ó di opó, wọ́n mú àjèjì kan tó ran ìlú lọ́wọ́ lójú ogun jọba, wọ́n sì fi opó ọba fún un gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ó bí ọmọ mẹ́rin fún ọkọ tuntun yìí. Ọkùnrin tí Ojúọlá ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ ni àkọ́bí rẹ̀ tí wọ́n gbé wọgbó. Ọjọ́ tí ó mọ̀, ó wọ yàrá, ó fi ọ̀bẹ gún ara rẹ̀.

Mo ti ka eré yìí, mo sì ti wò ó, èrò mi lórí rẹ̀ kò yí padà: àyànmọ́ kọ́ ló pa Ojúọlá. Ẹkún tó dá sun ló pa á. Ká ní Kútújẹ̀ jókòó tì í bí Ifẹ̀ ṣe jókòó ti Mọremí, ká ní wọ́n ń dárúkọ ọmọ náà, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ okùn owó ẹyọ tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹnì kan ì bá ti bi ọba tuntun pé kí ló fa àpá tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹbọ dà?

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fara mọ́ ọ̀nà tí Rótìmí gbà. Àwọn olùkọ́ eré orí ìtàgé ní yunifásítì ti jiyàn lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iyàn wọn ni pé Yorùbá ò gbà pé kádàrá dà bí ògiri àpáta tí ẹnikẹ́ni ò lè yí. Ẹni tí Ifá bá kìlọ̀ fún, ẹbọ ni wọn yóò ní kó rú. Tí ẹ bá sọ ìtàn Ọdẹ́wálé fún babaláwo ní Ifẹ̀ yìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò bi yín ni pé, ẹbọ wo ni wọ́n yàn fún wọn, ṣé wọ́n rú u? Ẹni tó sì mọ eré náà dáadáa yóò rántí pé nígbà tí àìsàn bẹ́ sílẹ̀ ní Kútújẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ ni ọba rán Adérópò, ọmọ kejì Ojúọlá, lọ kó lọ wádìí lọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà. Ẹ wo bí yóò ti rí létí àwọn tó jókòó sí Arúbìdì lálẹ́ ọjọ́ náà, tí wọ́n gbọ́ orúkọ ìlú wọn nínú ìtàn tó ti Gíríìsì wá.

Mo gbà pé iyàn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n Rótìmí ní ohun mìíràn lọ́kàn. Ọdún 1968 ni, ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967 ń jà lọ́wọ́. Nínú eré rẹ̀, ohun tó mú Ọdẹ́wálé pa bàbá rẹ̀ ní oko kan l'Ẹ́dẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan. Bàbá àgbà náà fi ẹ̀yà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ará oko ni wọ́n, ni inú bá bí i, ló bá gbé ọkọ́ tó ń lò. Nígbà tó sì di òpin, tí ó ti fọ́ ojú ara rẹ̀ méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má di ẹ̀bi ru òrìṣà. Ó ní àìlera òun ni, pé tí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ẹ̀yà òun, òun kì í lè mú un mọ́ra. Rótìmí padà ṣàlàyé pé àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ayé ni “òrìṣà” inú àkọlé náà, pé kí àwa ọmọ Nàìjíríà má kàn máa nawọ́ ẹ̀bi sí wọn lórí ogun tí a fi ọwọ́ ara wa dá sílẹ̀.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí, bàbá rẹ̀ Yorùbá ni, ìyá rẹ̀ Ìjọ ni. Sapele ni wọ́n ti bí i ní 1938. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán fún un.

Orí tí wọ́n ní ti Gíríìsì ni

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣeré náà ní ìtàn tirẹ̀. Orí idẹ kan ni Orí Olókun. Ní 1910, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Leo Frobenius, wá sí Ifẹ̀, ó rí orí náà, ẹwà rẹ̀ sì yà á lẹ́nu débi pé kò lè gbà pé ènìyàn dúdú ló ṣe é. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Gíríìsì ìgbàanì ni, pé Atlantis tó sọnù ni òun rí. Ìwé ìròyìn gbé e káàkiri ayé. Orí tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ìparí àwọn ọdún 1940 sọ pé àdàrọ ni, kì í ṣe ojúlówó.

Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta lẹ́yìn Frobenius, ní ibi tí wọ́n fi orúkọ orí yìí sọ, àwọn ọmọ Ifẹ̀ mú ìtàn Gíríìsì gan-an, wọ́n fi ìlù sí i, wọ́n fi òwe sí i, wọ́n fi oríkì sí i, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa Áfíríkà ní Yunifásítì Ifẹ̀ ló ni ibùdó náà, Michael Crowder sì ni olórí rẹ̀ nígbà náà. Akin Euba wà nídìí orin, Peggy Harper wà nídìí ijó, Solomon Wangboje wà nídìí iṣẹ́ ọnà. Àwọn òṣèré kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Àwọn ará ìlú wà níbẹ̀, onílù wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án tó sì ń di ìjòyè Kútújẹ̀ lálẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn àgbà tó mọ ìgbà náà máa ń sọ pé ẹ ò lè dá òṣèré mọ̀ yàtọ̀ sí aládùúgbò yín, àfi tó bá wọ aṣọ eré.

Nígbà tí àwa fúnra wa jẹ́ ọ̀tá

Eré kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ fún ọmọ Ifẹ̀. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ló kọ ọ́, Women of Owu lorúkọ rẹ̀. Chipping Norton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 2004. Euripides ló kọ ti àkọ́kọ́ ní 415 ṣáájú ìbí Jésù, nípa àwọn obìnrin Troy tí wọ́n ń dúró kí wọ́n wá pín wọn bí ẹrú lẹ́yìn tí ìlú wọn ti jóná. Ogun Iraq ń lọ nígbà tí Ọ̀ṣọ́fisan ń ronú lé e lórí, ó sì ní ogun Òwu ló wá sí òun lọ́kàn.

Ta ló fọ́ Òwu? Ìjẹ̀bú ni, àti àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé. Àti Ifẹ̀. Ọjà Àpòmù, ọjà Ifẹ̀, ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tí wọ́n ń jí gbé tà. Òwu kọ́kọ́ ṣẹ́gun Ifẹ̀, Ifẹ̀ wá wá ọ̀rẹ́ kún ara. Wọ́n dó ti Òwu fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ebi fi ṣí ilẹ̀kùn odi. Ní nǹkan bí 1825, ìlú náà tú.

Nínú eré Ọ̀ṣọ́fisan, ọ̀gágun tó ṣáájú ogun náà ni Máyẹ̀ Òkúnadé, ọmọ Ifẹ̀. Ìfẹ́ ló gbé e dé ojú ogun. Ọmọ aládé Òwu ló mú Ìyunlóyè, ìyàwó rẹ̀, sọ́dọ̀, Máyẹ̀ sì wá gbà á padà. Ó ti búra pé pípa ni òun yóò pa á nígbà tí òun bá rí i. Ó rí i, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Nítorí ọkùnrin kan tí kò lè gbàgbé obìnrin kan, àwọn obìnrin odindi ìlú jókòó sínú eérú.

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà jókòó papọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nìyẹn. Erelú, Òrìṣàyè, Adúmáadán tí wọ́n gba ọmọ jòjòló lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí èyí tó dá tirẹ̀ sun nínú wọn. Orin arò ni wọ́n ń gbé, bí ọ̀kan bá dá a, àwọn yòókù a gbè é. Wọ́n ń dárúkọ òkú wọn kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kó wọn lọ. Ìdárò ni eré náà fi parí.

Ó yẹ kí ọmọ Ìlódè jókòó wo eré yìí, kó sì mọ̀ pé baba ńlá òun lè wà lára àwọn tó gbé iná sí òrùlé yẹn. A máa ń fẹ́ràn ìrántí tó bá gbé wa ga. Èyí tó ń rẹ̀ wá sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ìgboyà tó ń gbà. Òwu-Ìpólé kò jìnnà sí wa. Ìgbéyàwó ti so wá pọ̀, ọjà ti so wá pọ̀. Mi ò mọ ọ̀nà tó dára ju eré orí ìtàgé lọ tí Ifẹ̀ àti Òwu fi lè jókòó sójú kan náà sunkún ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ibojì iwájú ilé

Nínú àwọn agbo ilé àtijọ́ ní Ìlódè, bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ẹ óò rí ibojì baba ńlá níwájú ilé tàbí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Símẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, wọ́n kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára. Ọmọdé jókòó lé e, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìyá àgbà sá ata sórí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Tí wọ́n bá fẹ́ pín ogún tàbí kí wọ́n fọmọ fọ́kọ, wọn yóò ta omi sílẹ̀ níbẹ̀, wọn yóò sì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbọ́.

Ẹni tó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ ìtàn Orpheus lọ́nà tirẹ̀. Olórin ni Orpheus, ejò bu ìyàwó rẹ̀, Eurydice, jẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ó kú. Ọkọ gbé orin lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kó máa mú un lọ, ṣùgbọ́n kó má wẹ̀yìn títí wọn yóò fi dé òkè. Ó wẹ̀yìn. Eurydice padà sí ọ̀run.

Àwa náà ní àkúdàáyà. Ẹni tó kú níhìn-ín, tó lọ ń gbé ìlú mìíràn, tó fẹ́ ìyàwó, tó ń tajà, tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò fi já lù ú. Ojú tó bá mọ̀ ọ́n ni yóò lé e lọ. Ìyá kan tí kì í wo eré orí ìtàgé rárá yóò gbọ́ ìtàn Orpheus, yóò sì sọ fún yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ọkọ ló jẹ̀bi, pé ẹni tó ti lọ ti lọ, wọn kì í tẹ̀ lé òkú dé ọ̀run lọ jà á gbà.

Ní 2003, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Sarah Ruhl, gbé eré kan jáde tó pè ní Eurydice. Jẹjẹrẹ ti pa bàbá rẹ̀ ní 1994. Nínú eré náà, ẹni tí Eurydice bá pàdé ní ọ̀run ni bàbá rẹ̀. Odò ìgbàgbé ti fọ ọpọlọ rẹ̀, kò dá bàbá náà mọ̀. Bàbá náà fi okùn ta yàrá fún un, ó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ọdún méjì, títí ó fi rántí. Nígbà tí Orpheus wá mú un, Eurydice fúnra rẹ̀ ló pe ọkọ lórúkọ tí ọkọ fi wẹ̀yìn. Ó padà dé ibi tí bàbá rẹ̀ wà, bàbá ti ri ara rẹ̀ bọ odò kó lè gbàgbé, nítorí ìrora. Òun náà kọ lẹ́tà sílẹ̀ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ yóò fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ri ara rẹ̀ bọ odò. Orpheus dé nígbẹ̀yìn, òun náà ti gbàgbé. Lẹ́tà wà nílẹ̀, kò lè kà á.

Eré tó dùn, tó sì ń ro èèyàn lára ni. Síbẹ̀ mo gbà pé ará Ìlódè yóò bá òǹkọ̀wé náà jiyàn. Lójú òǹkọ̀wé náà, ẹni tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìrora àfi kó gbàgbé. Lójú tiwa, ẹni tó bá ti rántí dáadáa ló lè jẹ́ kí òkú máa lọ. A máa ń sọ fún òkú ohun tí kó jẹ lọ́hùn-ún àti ohun tí kó má jẹ. A máa ń ṣe ogójì ọjọ́. Egúngún a jáde. Tí bàbá bá kú, tí a bí ọmọkùnrin láìpẹ́ sígbà náà, Babátúndé ló ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Tegonni, eré mìíràn tí Ọ̀ṣọ́fisan mú látinú ìtàn Antigone ní 1994, ṣe dá lé obìnrin kan tí wọ́n ní kó má sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò gbà. Yorùbá wo ni yóò gbà?

Ọkọ àti aya

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Rótìmí. Ní Yunifásítì Boston ló ti pàdé Hazel, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa orin níbẹ̀. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1965, wọ́n jọ wá sílé. Ifẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, kí Rótìmí tó lọ kọ́ni ní Port Harcourt ní 1977. Ó tún kọ́ni ní Amẹ́ríkà nígbà tó yá. Ọdún 2000 ni ó padà sí Ifẹ̀, sí yunifásítì tó ti sọ ọ́ di olókìkí. Hazel kú ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn. Rótìmí kú ní ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ, ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni.

Ọ̀dọ́ púpọ̀ ní Ìlódè ka The Gods Are Not to Blame fún ìdánwò, wọ́n mọ̀ ọ́n lórí, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé ìlú wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Èyí dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. A ò gbọdọ̀ fi ìrántí náà sílẹ̀ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Ẹ̀ka eré ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìyẹn Yunifásítì Ifẹ̀ àtijọ́, lè gbé eré náà padà wá sí Arúbìdì, ní èdè Yorùbá, kí àwọn ará ìlú tún kópa nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama kọ̀ọ̀kan ní Ifẹ̀ lè rán ọmọ lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ sórí fóònù.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1968 ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún báyìí. Tí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá tó jókòó sí àgbàlá yẹn, tó lùlù níbẹ̀, tàbí tó se oúnjẹ fún àwọn òṣèré, ẹ lọ bi í léèrè lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀.